Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Òjìji

Ẹ sún mọ́ra. Kí ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kọ́kọ́ tì í, kí a tó dárúkọ Nachisale.

Nachisale amọ̀kòkò, ará abúlé Kalindiza nílẹ̀ àwọn Chewa, kì í ṣe akíkanjú obìnrin, kò sì purọ́ rí pé òun jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí agẹmọ bá kọjá lójú ọ̀nà oko, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà délé, ìbáà jẹ́ inú ẹ̀gún. Bí àrá bá sán lórí òkè Dedza, abẹ́ ibùsùn ni ẹ óò ti bá a, òun àti ọmọ rẹ̀ àti ewúrẹ́ tó bá ráyè. Ìkòkò tó ń mọ kò láfiwé títí dé etí adágún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ń sun ún, òkèèrè ló ń dúró sí, á fi ìka di etí, nítorí ìkòkò tó bá bẹ́ nínú iná a máa dún bí ìgbà tí wọ́n gbá èèyàn létí.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í yé fi í ṣẹ̀sín létí kànga.

"Nachisale, adìẹ ló húkọ́ yẹn o. Má tíì sá."

"Ẹ jẹ́ n máa sá tèmi," ni yóò dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lára korobá. "Akọni pọ̀ ní itẹ́ òkú. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè bó ṣe rí."

Ohun kan ṣoṣo tí kò sá fún ni ọkọ tó fẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ yẹn gan-an ló ru ẹ̀rù wọlé.

Kamowa ni orúkọ rẹ̀, ará òkè ni. Bí àṣà wọn ti rí, ọkọ ló ń bá ìyàwó lọ sílé. Ilẹ̀ ìyá ìyàwó ló ń kọ́lé sí, oko ìyá ìyàwó ló ń ro, bó bá sì fi ẹja púpọ̀ jù jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wọn, lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ àwọn arákùnrin ìyàwó á ti gbọ́. Ọkọ́ àti ẹní ni àwọn àna yòókù máa ń rù wá. Kamowa ru ọkọ́, ó ru ẹní, ó sì ru ẹ̀rọ sinimá.

Ilé sinimá kan ní Blantyre ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá rẹ̀ ṣàdédé ti ilé náà pa, ó gbé ẹ̀rọ fún un, ó ní kó gbé e jìnnà kí oòrùn tó wọ̀. Ìkìlọ̀ kan ló fi tì í lẹ́yìn: "Iwájú ni kí o máa yí i. Má yí i sẹ́yìn láé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ á rí ọ̀nà." Kamowa fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọ̀dọ́ ni.

Irin dúdú ni ẹ̀rọ náà, ó tó ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀. Ó ní ojú dígí kan níwájú àti ọwọ́ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò mu epo, kò lo bátìrì. Bí o bá ti di ọwọ́ irin náà mú tí o yí i, ìmọ́lẹ̀ á tú jáde lójú rẹ̀, funfun bí inú ẹ̀gẹ́ tútù, kò sì ní gbóná. Nachisale fọwọ́ kan dígí náà lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń tàn lọ́wọ́. Ó tutù bí imú ajá. Ó fi ọwọ́ yẹn pa mọ́ sábẹ́ ìró títí ilẹ̀ fi mọ́.

Fíìmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká bí òwú. Ọkùnrin onífìlà kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ létí odò, ó ń lọ, ó ń lọ. Ní òdìkejì odò, àwọn èèyàn kan dúró, wọ́n ń wò. Ó parí náà nìyẹn. Síbẹ̀ kò sú àwọn ará Kalindiza. Bí ìkórè bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọn á ta aṣọ funfun sára ògiri ilé Kamowa ní ìrọ̀lẹ́, wọn á tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọn á sì máa bá oníkẹ̀kẹ́ wí.

"Bàbá, ìyàwó yín ti bímọ, ọmọ ti ń rìn, ẹ ṣì ń gun kẹ̀kẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ o jàre, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń sá fún."

Nachisale nìkan ni kì í wo oníkẹ̀kẹ́. Àwọn tó wà ní òdìkejì odò ló máa ń wò. Wọn kò lójú, wọn kò nímú, dúdú ni wọ́n látòkè délẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi èédú yà sára ògiri. Wọn kì í mira. Lọ́dún tí Kamowa fẹ́ ẹ, wọn kò ju ìdílé kékeré kan lọ. Nígbà tí Zione ọmọ wọn fi ń rìn, wọ́n ti tó àwọn tó ń ti ọjà bọ̀. Nígbà tí Zione fi ń pọn omi, wọ́n ti dí gbogbo etí odò.

Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Zione, àwọn èèyàn yẹn ń pọ̀ sí i."

"Ojú rẹ ni. Fíìmù kì í bímọ."

"Èmi ò ní wọ́n ń bímọ. Mo ní wọ́n ń dé."

Kamowa kọjú sí ògiri, ó ní oorun ń kun òun. Ṣùgbọ́n Nachisale kò gbọ́ kó hanrun lóru ọjọ́ náà.

Ọdún tí àgbàdo ya bo ilé tí àká kò gbà á mọ́, ọdún náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, aṣọ ti wà lára ògiri, fíìmù bá já, bó ti máa ń já. Kamowa yọ ọ́ jáde, ó ń fi ọwọ́ kan àti eyín so ó pọ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì yí irin kí àgbàlá má bàa ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló wá bọ́ sórí aṣọ. Àwọn ọmọdé ya lọ síwájú rẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe òjìji. Eléyìí ṣe ajá, tọ̀hún ṣe ehoro, ẹnì kan ṣe imú baálẹ̀, gbogbo èèyàn sì wo ọ̀dọ̀ baálẹ̀ bóyá ó rí i.

Zione wọ àárín wọn. Ọmọ náà kò fi ẹ̀rù jọ ìyá rẹ̀ rárá. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì kọ́ra, ó na ìka yòókù bí ìyẹ́, ẹyẹ kan yọ lórí aṣọ, ó ń fò. Ó wá yíjú sí ẹ̀rọ, ó ní:

"Bàbá, ẹ gba chithunzi mi."

Lẹ́nu àwọn Chewa, chithunzi ni àwòrán, chithunzi náà ni òjìji. Ohun tí ọmọ ní lọ́kàn ni pé kí bàbá òun ya àwòrán òun sínú fíìmù, kí òun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú oníkẹ̀kẹ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn.

Zione sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹyẹ náà kò sọ̀ kalẹ̀.

Ó wà lórí aṣọ, ó ń ju ìyẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ọgbọ́n tuntun tí Kamowa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni. Ẹyẹ gbọn ara, ó yí padà, ó fò lọ sí apá òsì aṣọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Kamowa jáwọ́ nínú irin. Òkùnkùn ṣú. Nínú òkùnkùn yẹn, Nachisale gbọ́ tí omi ń ṣàn níbi tí kò sí odò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń fẹ́ àgbàdo lójú oòrùn, Zione sì bá a di etí kejì atẹ mú. Nachisale wolẹ̀. Òjìji atẹ wà nílẹ̀, òjìji ọwọ́ tirẹ̀ dì í mú lápá kan. Lápá kejì, atẹ náà dá dúró, ẹnikẹ́ni ò dì í mú. Òjìji apá Zione wá láti èjìká, ó dé ọrùn ọwọ́, ó parí síbẹ̀ bí ẹ̀ka tí wọ́n fi àdá gé.

Atẹ bọ́, àgbàdo túká, àwọn adìẹ sáré dé.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Wọlé. Má dúró lóòrùn."

"Oòrùn náà lẹ tún ti ń sá fún báyìí?" Zione ń rẹ́rìn-ín.

Nachisale di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó tutù bíi dígí yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni òjìji ọmọ yìí ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, bí ọṣẹ tó bọ́ sómi. Ó tán dé ìgbúnwọ́. Ife ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ odó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òkèlè nsima kò ṣe é bù mọ́, ìyá rẹ̀ ló ń fi sí i lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Zione kò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín mọ́.

"Ìyá, ọwọ́ mi wà nínú omi."

"Omi wo?"

"Mi ò mọ̀. Ó ń ṣàn. Àwọn kan dúró tì mí, wọn ò sọ̀rọ̀."

Nachisale mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí òjìji ọmọ òun bá fi lè tán dé àyà, á di ẹni tó ń dúró létí odò, dúdú látòkè délẹ̀, láìlójú, láìnímú, àwọn èèyàn á sì máa jókòó lórí ẹní, wọn á máa wò ó. Obìnrin tó ń sá fún agẹmọ wá ọ̀nà tí yóò gbà sá fún èyí, kò rí i.

Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Chimkwita. Lọ́dọ̀ tiwọn, arákùnrin ìyá ló lọ́mọ. Ohun tó bá sọ lórí ọmọ, abẹ gé. Chimkwita dé pẹ̀lú ìtùfù lọ́wọ́.

"Àna," ó ní fún Kamowa, "lọ́jọ́ tí o wá fẹ́ àbúrò mi, mo bi ọ́ pé kí ni irin yẹn. Kí lo dá mi lóhùn?"

"Mo ní eré ni, ẹ̀gbọ́n."

"Eré. Àkùkọ àjèjì. A fún ọ lágbàdo jẹ, o gbé ikú wọ ilé adìẹ wa. Gbé e jáde kí n sun ún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Ọmọ wà nínú rẹ̀."

"Ta ló bi ọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ wọ́ ẹ̀rọ náà dé àgbàlá, ó ki ìtùfù bọ abẹ́ rẹ̀. Láti inú ilé, Zione lọgun. Nachisale sáré wọlé, ó bá a tó ń ju ọwọ́ méjèèjì, ìléròrò ti kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí epo gbígbóná ta síni lára. Nachisale tú jáde, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iná náà pa, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, èéfín bò ó. Àwọn ará ilé dúró, wọ́n ń wò ó. Kò sẹ́ni tó rí i kó sáré lọ síbi iná rí.

Chimkwita jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Àna, kí la wá máa ṣe?"

Kamowa kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Bí a bá yí i sẹ́yìn, ohun tó wọlé á jáde. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló máa jáde."

"Àwọn wo ló kù?"

Nachisale ló dáhùn. "Àwọn tó ń dé."

Bí oòrùn ṣe wọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ yàrá, wọ́n ta aṣọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Chimkwita fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, ó mú àdá dání, bí ẹni pé àdá ń ran òjìji. Kamowa dúró ti irin. Nachisale gbé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ síwájú aṣọ. Òjìji rẹ̀ ti tán dé èjìká.

"Ìyá Zione," Kamowa ní, "bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó máa gbà kí n dúró."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó yí i sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí aṣọ. Oníkẹ̀kẹ́ ń gun kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń wá ọ̀nà. Odò ń ṣàn gòkè. Ohun gbogbo ń padà síbi tó ti wá, àfi àwọn tó dúró létí odò. Àwọn yẹn, tí wọn kò mira rí, gbẹ́sẹ̀. Wọn kò rìn sẹ́yìn. Wọ́n wọ inú omi, wọ́n kọjú sí yàrá, wọ́n ń bọ̀.

Ẹyẹ yọ lápá òsì, ìrù ló fi ń fò wá. Ó dé orí òjìji Zione, ńṣe ló ń yí po, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kò ju orí àti ara tó rí gbọ̀rọ̀ bí òpó, kò sí ọwọ́ tó lè bà lé. Ó yí po, ó yí po, ó ń rẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, ẹ na ọwọ́ mi fún un," Zione ń sunkún. "Mi ò lè nà á."

Nachisale kúnlẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó ronú, ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ló ṣe. Bí obìnrin ibẹ̀ bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, á kúnlẹ̀, á ká àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí igbá, á rọra pa wọ́n pọ̀ kó dún láti inú. Ó pa á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó ní fún ẹ̀rọ. "Ọmọdé ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwòrán ló ń bèèrè, kò fún yín ní òjìji. Ẹ dá tirẹ̀ padà fún un, ẹ ṣeun."

Òjìji ọwọ́ rẹ̀ wà lórí aṣọ, ó ká bí ìtẹ́. Ẹyẹ náà sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Nachisale mọ ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, kò ju òròmọdìẹ lọ. Ó rọra gbé e lọ sára ọmọ, ó tú u sí i lára bí ẹni ń da irúgbìn sílẹ̀. Òjìji apá yọ láti èjìká Zione, ó dé ìgbúnwọ́, ó dé ọrùn ọwọ́, ìka yọ.

"Ó gbóná," ni Zione wí. "Ìyá, ó gbóná."

"Bàbá Zione, ẹ dá a dúró."

"Mi ò lè dá a dúró. Irin ló ń yí mi."

Chimkwita sọ àdá nù, ó fò mọ́ ọwọ́ irin náà. Ọkùnrin méjì ń fà á síwájú, irin ń yí wọn sẹ́yìn bí ọmọdé. Àwọn tó ń bọ̀ ti rékọjá odò. Wọ́n ń tóbi sí i. Ẹni iwájú sún mọ́ tòsí títí tó fi jẹ́ pé àyà rẹ̀ nìkan ni aṣọ gbà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán nídìí aṣọ, ó ń kán sílẹ̀ yàrá. Ìka dúdú yọ létí aṣọ, ó tẹ̀ wá síta, ó ń fọwọ́ pa ògiri bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn.

Ẹsẹ̀ Nachisale ti yí sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé kò yí. Ìtọ̀ ti ṣàn dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ara ògiri yẹn ti kan irun Zione, ọmọ náà kò sì mọ̀, ó ṣì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé.

Nachisale yíjú padà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ojú dígí.

Bí ọwọ́ yẹn ṣe ń sún mọ́ dígí ni òjìji rẹ̀ ń tóbi lórí aṣọ, ó tóbi ju ẹni iwájú lọ, ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá. Nǹkan fà á. Òtútù gba inú egungun rẹ̀ wọlé. Kò gbé ọwọ́ kúrò. Yàrá ṣókùnkùn, irin dúró, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ṣubú lé ara wọn.

Fún ìgbà díẹ̀, mímí èèyàn mẹ́rin nìkan ni wọ́n ń gbọ́, Nachisale sì ń tẹ́tí bóyá ti ẹnìkarùn-ún wà níbẹ̀. Kò sí.

Zione dàgbà. Ó gún àgbàdo, ó mọ ìkòkò, ó fẹ́ ọkọ tó wá ro oko ìyá rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ ní òjìji tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Nachisale ni kò ní mọ́. Kò tán ju ọrùn ọwọ́ lọ, nítorí ẹnu ni ọmọ fi fún ẹ̀rọ ní gbogbo ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sọ ohunkóhun, ọwọ́ kan ló gbé sí i. Ọwọ́ yẹn kò di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ọwọ́ òsì ló wá fi ń mọ ìkòkò, wọ́n ń wọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn sì ń rà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọn kò lè sun ẹ̀rọ náà, wọn kò lè jù ú sínú adágún, nítorí òjìji ọwọ́ Nachisale tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Nachisale mọ ìkòkò ńlá kan fún un, ó gbé e sínú rẹ̀, ó fi amọ̀ lẹ ìdérí rẹ̀ pa, ó gbé e sí ìgbèrí ibùsùn ara rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù agẹmọ ń sùn tì í. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé e jìnnà, ó ní bó bá jìnnà, òun ò ní mọ ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí i.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni omi fi ń ṣàn lórí ìka rẹ̀, tọ̀sán-tòru, ó sì mọ́ ọn lára. Omi lásán ni. Kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń sá ìkòkò sóòrùn, òun àti Zione. Nachisale bá dúró sójú kan.

"Ìyá, kí lẹ rí?"

"Òjò ń bọ̀. Kó àwọn ìkòkò kéékèèké wọlé. Kó àwọn ọmọ wọlé pẹ̀lú."

Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n Zione kò bá a jiyàn. Ó kó wọn wọlé. Nachisale dúró lójú oòrùn, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó mú un pinpin. Ohun kan ti di ìka rẹ̀ mú lọ́hùn-ún, bí a ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú kí a tó jọ sọdá ọ̀nà. Kò fà á. Ó kàn dì í mú ni.